Ṣé rẹkọ́dà mi ló bàjẹ́ ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjerò-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Ìyá tó bí ìyá mi wà lára àwọn tó ṣì mọ àlámọ̀, orin ìbílẹ̀ àwọn obìnrin Èkìtì, kọ dáadáa ládùúgbò wa, wọ́n sì ti dàgbà gan-an. Mo ra rẹkọ́dà kékeré kan, Zoom H1n àlòkù, kí n lè gba ohùn wọn sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ wọn péjọ sílé wa, mo gbé e sórí tábìlì, mo tẹ̀ ẹ́, mo jókòó. Ohun tí mo rí gbà kò wú mi lórí rárá. Ìlù ń fọ́ létí, ohùn ìyá jìnnà bí ẹni tó wà nínú kànga, nígbà tí a sì bọ́ síta, atẹ́gùn ló bo gbogbo rẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin fi fóònù gba tirẹ̀, gbogbo ilé ló sì ń sọ pé tirẹ̀ dára ju tèmi lọ. Ṣé ẹ̀rọ yìí ló ti bàjẹ́ kí wọ́n tó tà á fún mi? Àbí kí n wá owó ra èyí tó tóbi jù ú lọ?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ̀rọ rẹ kò bàjẹ́. Má tíì ra òmíràn. Gbogbo àìsàn tí o kà sílẹ̀ yẹn ni mo ti gbọ́ rí nínú iṣẹ́ àwọn tí owó ẹ̀rọ wọn ju tìrẹ lọ dáadáa. Ibi tí o gbé e sí ni ọ̀rọ̀ wà, àti bí o ṣe ṣí etí rẹ̀ tó.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti fóònù kúrò nílẹ̀, torí òun ló dà ọ́ lọ́kàn rú. Wọ́n ṣe fóònù kí ẹni tó dúró láàárín ariwo ọjà lè bá ará Èkó sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì gbọ́ra. Nítorí náà, ó ń ṣe iṣẹ́ tí o kò rán an. Bí ohùn bá lọ sílẹ̀, á fà á sókè. Bí ìlù bá dún gbàà, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ohun tó bá ń hó láìdáwọ́ dúró, á kà á sí ariwo, á sì gé e dànù. Ìdí nìyẹn tí ti àbúrò rẹ fi dùn nígbà tí ẹ jọ gbọ́ ọ lórí sípíkà fóònù, torí irú sípíkà bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n tún un ṣe fún. Ṣùgbọ́n fi hẹ́dífóònù sí etí kí o gbọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i. Nínú ti fóònù, wàá gbọ́ bí ohùn ìyá ṣe ń rì tó tún ń léfòó nígbàkígbà tí onílù bá wọlé. Wàá gbọ́ pé níbi tí wọ́n ti rẹ ohùn sílẹ̀ ní ìparí gbólóhùn, ọ̀rọ̀ ti pòórá, torí fóònù rò pé ariwo ni. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ àlámọ̀ náà sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ibi tó sọnù yẹn gan-an ló máa wá.

Rẹkọ́dà tìrẹ kì í ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, àyàfi tí o bá ní kó ṣe é. Ohun tó bá gbọ́ ló ń kọ, títí kan ibi tí kò dáa tí o gbé e sí.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ìjìnnà. Mo lè fojú inú wo yàrá náà: ìyá jókòó sórí àga wọn, àwọn elégbè yí wọn ká, onílù wà nítòsí ilẹ̀kùn, tábìlì sì wà láàárín pẹ̀lú omi inú ọ̀rá àti àwo ẹ̀pà lórí rẹ̀. Ká ní ìyá wà ní mítà mẹ́ta sí ẹ̀rọ, tí onílù sì wà ní mítà kan àbọ̀, ìlù ti borí kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Òfin kan wà tí ohùn kì í rú: ìgbàkígbà tí o bá sọ ìjìnnà láàárín ẹnu àti máìkì di ìlọ́po méjì, ohùn tó tọ máìkì wá tààrà á lọ sílẹ̀ ní dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 6 (dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó). Láti ààbọ̀ mítà sí mítà kan, 6 ti lọ. Láti mítà kan sí méjì, 6 mìíràn. Láti méjì sí mẹ́rin, 6 sí i. Ṣùgbọ́n ohùn tó ti ta lára ògiri, tó ta lára sílíìnì àti ilẹ̀ onítáìsì, kì í lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà káàkiri yàrá. Bí o bá ṣe ń jìnnà sí ẹnu ìyá, bẹ́ẹ̀ ni ògiri ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Kànga tí o gbọ́ nìyẹn. Máìkì gbọ́ ìyá, ó sì gbọ́ ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń dá wọn lóhùn pẹ̀lú.

Nítorí náà, gbé ẹ̀rọ tọ ìyá lọ. Kó jìnnà sí ẹnu wọn ní nǹkan bí apá kan, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 60 sí 80. Kó wà ní ọ̀gangan àyà wọn, kó gbójú sókè díẹ̀ sí ẹnu, kí èémí má bàa máa fẹ́ lu máìkì tààrà. Má gbé e sórí tábìlì mọ́. Tábìlì ń gbé gbogbo nǹkan tó bá kàn án lọ sínú ẹ̀rọ: ẹni tó gbé kọ́ọ̀pù kalẹ̀, ẹni tó fi ìka ta á, ọmọdé tó fara tì í. Ihò skúrúù wà lẹ́yìn H1n fún irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, irú èyí tí àwọn ayàwòrán ń lò, èyí tó kéré jù lọ sì tó o. Bí kò bá sí rárá, ká aṣọ nípọn sórí àpótí, kí o gbé e lé e. Ohun tí o kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí o dì í mọ́wọ́ fún wákàtí kan, torí gbogbo bí ìka rẹ ṣe ń yí ni yóò wọlé.

Máìkì méjì ló wà lórí rẹ̀, wọ́n dábùú ara wọn ní igun 90 dígírì. Ohun tó wà níwájú wọn ni wọ́n ń gbọ́ jù, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ti ẹ̀yìn. Lo èyí. Jẹ́ kí àwọn elégbè jókòó sí ọ̀tún àti òsì ìyá, kí wọ́n jìn díẹ̀ sí ẹ̀rọ ju ìyá lọ. Kí onílù wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, ní mítà mẹ́ta sí mẹ́rin, kó dojú kọ ìyá. Ìlù ní agbára tirẹ̀, kò sí bó ṣe máa jìnnà tó tí o kò ní gbọ́ ọ. Onílù á sì máa rí ojú ẹni tó ń lùlù fún, èyí tó máa ń wù wọ́n.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kì í fẹ́ kí a máa tò wọ́n bí ọmọ ilé ìwé. Má tò wọ́n. Ẹ̀rọ ni kí o máa gbé kiri, kí o sì rọra bẹ onílù nìkan. Bí ìyá bá ní ibi tí àwọn máa ń jókòó sí nìyẹn, ibẹ̀ náà ni kí wọ́n wà. Àlámọ̀ tí wọ́n kọ pẹ̀lú ara líle kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ mọ́ tó.

Ti yàrá fúnra rẹ̀: pálọ̀ tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́, tí wọ́n da táìsì sí, tí kò sí kápẹ́ẹ̀tì ńlẹ̀, ni ibi tó burú jù lọ láti gba ohùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni a máa ń fẹ́ fi han àlejò. Bí ilé àtijọ́ kan bá ṣì wà ní agboolé yín tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ mọ, lọ síbẹ̀. Ògiri rẹ̀ kò dán, kò gún régé, ohùn kì í ta padà níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí, tẹ́ ẹní sílẹ̀, fi aṣọ òkè tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì kọ́ sára ògiri tó wà lẹ́yìn ìyá àti èyí tó kọjú sí wọn. Kó o sì wo ojú ọjọ́. Láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹwàá, bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù ilé tí kò ní sílíìnì, kó ẹrù rẹ, iṣẹ́ ti parí fún ọjọ́ yẹn.

Ní báyìí, ìlù tó ń fọ́. Ojúwọ̀n tí o ń rí lójú ẹ̀rọ kì í kà láti òdo lọ sókè. Òdo ni òkè pátápátá. Ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni −6, −12, −24, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn tó bá fẹ́ kọjá òdo, ẹ̀rọ á gé e lórí. Orí tí wọ́n gé yẹn lo ń gbọ́ gẹ́gẹ́ bí ìlù fífọ́. Kò sí ètò kọ̀ǹpútà tó lè dá a padà bó ṣe rí gan-an, torí kò sí nínú fáìlì mọ́. Àwọn kan máa ń fojú bu orí tí wọ́n gé náà, wọ́n á fi nǹkan tó jọ ọ́ dí i, ó sì máa ń dín bó ṣe ń dun etí kù díẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo fura pé o tan Auto Level sílẹ̀, àbí ẹni tó tà á fún ọ ló tàn án tí o kò sì kíyè sí i. Pa á. Pẹ̀lú Auto Level, ẹ̀rọ rẹ á máa ṣe bíi fóònù: bí gbogbo ilé bá dákẹ́, á la etí sílẹ̀ wàyìwàyì, tó bẹ́ẹ̀ tí o máa gbọ́ aago ara ògiri. Onílù á wá fi ọ̀pá kan awọ lójijì, ìlù àkọ́kọ́ á ti fọ́ kí ẹ̀rọ tó rántí dín etí kù. Fún ìpàdé tàbí ìwàásù, kò burú. Fún orin tó ní ìlù nínú, mi ò gbà á láyè.

Ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi ṣe é. Ohun kan wà lójú H1n tí a ń yí, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ní kí onílù lù bó ṣe máa lù nígbà tí ara bá ti yá, kí ìyá sì gbé èyí tí wọ́n máa ń fi gbogbo ara kọ. Yí i títí ibi tó ga jù lọ fi máa kan −12. Lẹ́yìn náà, dín in kù díẹ̀ sí i, torí kò sí onílù tó ń lù nígbà ìdánwò bó ṣe máa lù nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Tan Limiter pẹ̀lú, torí ó máa ń mú èyí tó bá fò sókè lójijì. Má wá torí pé ó wà kí o máa yí ìwọ̀n sókè. Bí Limiter bá ń ṣiṣẹ́ láìsinmi, wàá gbọ́ ọ bí ohùn tí wọ́n fún lọ́rùn.

Ẹ̀rù tó máa bà ọ́ ni pé ohùn yóò kéré. Jẹ́ kó kéré. Bí o bá ń gbà á ní 24-bit (bit ló ń sọ bí àyè ohùn nínú fáìlì ṣe pọ̀ tó), àyè pọ̀ lábẹ́ ojúwọ̀n yẹn. Nínú ìṣirò, 16-bit ní dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 96 láàárín ohùn tó kéré jù àti èyí tó ga jù, 24-bit ní 144. Kò sí rẹkọ́dà kékeré tí iná inú rẹ̀ dákẹ́ tó láti lo gbogbo 144 náà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ fún ọ ni pé o lè gba ohùn ìyá jẹ́jẹ́, kí o sì gbé e sókè lórí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn náà láìsí ìbẹ̀rù. Audacity, tí wọn kì í gba owó lórí rẹ̀, máa ṣe é fún ọ: yan gbogbo fáìlì, lo Normalize, gbé ibi tó ga jù sí −1. Ohun tí ará ilé yín pè ní "ti fóònù dára jù" lè má ju pé tirẹ̀ ń pariwo ju tìrẹ lọ. Ṣe èyí kí o tó fi hàn wọ́n, kí o wá wò ó bóyá ọ̀rọ̀ á ṣì rí bẹ́ẹ̀.

Oníṣòwò á sọ fún ọ pé èyí tó ń lo 32-bit float ti dé, bíi Zoom H1essential tó jáde ní 2024, pé o kò ní máa yí nǹkan kan mọ́. Kò parọ́. Lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ohùn tó kọjá òdo kò ní gé nínú fáìlì, wàá kàn rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n máìkì fúnra rẹ̀ ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí o bá gbé e sí ẹnu ìlù, máìkì yóò fọ́ ohùn kó tó dé ọ̀dọ̀ float kankan. Kò sì sí float tó máa bá ọ gbé ẹ̀rọ kúrò lórí tábìlì lọ síwájú ìyá.

Ti irú fáìlì kò gba àlàyé púpọ̀. WAV, 24-bit, 48 kHz. Wákàtí kan rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gígábáìtì 1, nítorí náà káàdì 32 GB, tó tóbi jù lọ tí H1n ń gbà, á gba nǹkan bíi wákàtí 30. MP3 128 kbps kò tó mẹ́gábáìtì 60 fún wákàtí kan, mo mọ̀, ó sì ń wuni. Àmọ́ ohun tí MP3 bá jù nù kò ní padà wá. Gba WAV, kí o ti ara rẹ̀ ṣe MP3 fún àwọn ẹbí. Bí o bá sì fẹ́ fi WAV gan-an ránṣẹ́ lórí WhatsApp, fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì. Má gbé ẹ̀rọ sẹ́nu fóònù kí o máa gba voice note rẹ̀, bí mo ṣe rí i tí ọ̀pọ̀ ń ṣe.

Atẹ́gùn: fóòmù dúdú tó máa ń bá irú ẹ̀rọ báyìí wá kò tó nǹkan níta. Ó wúlò nínú ilé fún èémí ẹnu, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ níta ni èyí onírun gígùn tí wọ́n máa ń fi bo máìkì. Bí o kò bá rí i rà, mú aṣọ onírun, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ẹranko ìṣeré ọmọdé, lọ sọ́dọ̀ télọ̀, kó rán an bí fìlà kékeré tó fẹ̀ díẹ̀ ju orí máìkì lọ, kí àlàfo lè wà nínú. Nígbà ọyẹ́, bí o bá fẹ́ gba nǹkan níta ní ìlú tó wà láàárín òkè bíi Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tàbí Ìkéré, má ṣe dán an wò láìsí i. Bọ́tìnnì Lo Cut náà wà: fi í sí 80 Hz. Ó ń gé àwọn ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí atẹ́gùn àti ìró jẹnẹrétọ̀ ń gbé. Ohùn obìnrin kì í sábà sọ̀ kalẹ̀ dé ibẹ̀, kò ní pa ìyá lára. Ṣùgbọ́n bí ìlù ńlá bá wà, tí o fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń mi ilẹ̀, pa Lo Cut náà, kí o gbẹ́kẹ̀ lé irun.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, bẹ àwọn aládùúgbò, tàbí kí ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Pa fáànù àti fìríìjì. Gbogbo fóònù tó wà nítòsí ẹ̀rọ, tìrẹ náà, kó wọ àìrópílénì-móòdù. Bí o bá ti gbọ́ ohun kan tó ń ṣe tí-tí-tí-tíì nínú àkọsílẹ̀ rí, fóònù tó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì rọrùn láti fọ̀ kúrò. Ti àkùkọ àti ewúrẹ́, fi wọ́n sílẹ̀. Ìjerò ni a wà, kì í ṣe sítúdíò.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ yìí, etí rẹ ni kó máa ṣe ìdájọ́ rẹ̀, kì í ṣe ojú. Hẹ́dífóònù ṣe pàtàkì ju ohunkóhun mìíràn tí o lè fi owó rà báyìí. Kó jẹ́ èyí tó bo etí tán, kó ní wáyà, torí èyí tí kò ní wáyà máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ohùn tó dé, H1n kò sì ní Bluetooth. Ká ní o fi sí etí lọ́jọ́ yẹn, láàárín ìṣẹ́jú kan péré ni o ò bá ti gbọ́ kànga, gbọ́ ìlù tó ń fọ́, gbọ́ atẹ́gùn, o ò bá sì ti ṣàtúnṣe. Ìwọ jókòó, o gbẹ́kẹ̀ lé iná pupa. Iná pupa kàn ń sọ pé ẹ̀rọ ń gbà á ni. Kò mọ ohun tó ń gbà.

Bí owó bá wá sí i, ìtẹ̀léra tí mo máa fi ná an nìyí: hẹ́dífóònù, irun, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn náà máìkì kékeré aláìlókùn tàbí onílókùn tí a ń fi há aṣọ, tí o lè kì bọ ihò tó wà lára H1n fún ìgbà tí ìyá bá fẹ́ sọ ìtàn. Ẹ̀rọ ńlá tó ní ihò XLR, ìyẹn ihò tí wáyà máìkì ńlá ń wọ̀, bíi Tascam DR-40X tàbí Zoom H5, di dandan nígbà tí o bá fẹ́ máìkì kan fún ìyá, òmíràn fún ìlù, kí o lè wọ̀n wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. O lè dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kò tíì kàn ọ́.

Bátìrì méjì AAA ni H1n ń jẹ. Ra ojúlówó alkaline, kó o sì mú méjì mìíràn sápò. Bí o bá ń lo èyí tí a ń gba sí iná, tí wọ́n kọ NiMH sí, lọ sínú ètò rẹ̀ kí o sọ fún un pé NiMH ni, torí 1.2 fọ́ọ̀tì ni tirẹ̀, alkaline jẹ́ 1.5. Bí o kò bá sọ fún un, á máa pa irọ́ fún ọ nípa iye tó kù. Tẹ bọ́tìnnì ìdádúró kí o tó pa á, kí o tó yọ bátìrì. Bí ẹ̀rọ bá kú nígbà tó ń gba ohùn lọ́wọ́, fáìlì náà lè má ṣí. Lẹ́yìn iṣẹ́, yọ bátìrì kúrò, má jẹ́ kó jò sínú ẹ̀rọ láti ọdún dé ọdún.

Káàdì ni mo fẹ́ kí o bẹ̀rù jù. Èyí tó wà lọ́jà tó sọ pé òun jẹ́ 32 GB lè má jẹ́ ju 4 lọ. Á gba ohùn náà, á ṣe bí ẹni pé ó wọlé, kó tó hàn sí ọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. H2testw, ètò ọ̀fẹ́ kan lórí Windows, máa kọ káàdì kún, á kà á padà, á sì sọ òtítọ́ fún ọ. Ṣe é kí o tó gbé káàdì tuntun lọ síwájú àgbà. Inú rẹkọ́dà fúnra rẹ̀ ni kí o sì ti format rẹ̀, kì í ṣe inú fóònù.

Bí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbà, ohùn tìrẹ ni kó kọ́kọ́ wọlé: ọjọ́, oṣù, ọdún, ìlú, agboolé, orúkọ ìyá, orúkọ onílù àti àwọn elégbè. Ó lè dà bí àṣejù lójú rẹ, torí o mọ gbogbo wọn. Ọmọ rẹ kò ní mọ̀ wọ́n. Orúkọ tí ẹ̀rọ ń fún fáìlì kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, yí i padà lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, kí ọdún ṣáájú, kí oṣù àti ọjọ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìlú àti orúkọ. Ṣe ẹ̀dà sórí kọ̀ǹpútà, ṣe òmíràn sórí hard disk, kí ẹ̀kẹta wà ní ìlú mìíràn, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tó wà ní Adó tàbí Èkó. Títí tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fi wà, má pa ohun tó wà lórí káàdì rẹ́. Àwọn olórin tó ṣe àwo ní ohùn Èkìtì, irú Elemure Ogunyemi, iṣẹ́ wọn wà káàkiri nílé àwọn tó rà á. Ìyá rẹ kò ṣe àwo. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ náà ni gbogbo rẹ̀.

Mo sì gbọ́dọ̀ fi èyí kún un bó tilẹ̀ jẹ́ pé o kò bi mí. Gba àṣẹ lẹ́nu ìyá àti lẹ́nu àwọn elégbè, kó wọlé sínú àkọsílẹ̀ náà: ṣé kí ẹbí nìkan gbọ́ ọ ni, ṣé kí ó jáde sí gbangba. Àlámọ̀ máa ń bá ẹni wí, ó máa ń dárúkọ, ó lè tú ọ̀rọ̀ ilé síta. Ohun tí wọ́n kọ láàárín ara wọn lè di ìjà bí ó bá dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti Nàìjíríà, ti 2022, fún ẹni tó kọrin ní ẹ̀tọ́ lórí ohùn rẹ̀, ó sì dáàbò bo orin ìṣẹ̀ǹbáyé pẹ̀lú, kì í ṣe ẹni tó ni rẹkọ́dà nìkan ló ni nǹkan. Bí o bá sì fẹ́ gbé ẹ̀rọ lọ síbi ọdún ìlú, bí Ùdírókò ní Adó tàbí ọdún Olósùnta ní Ìkéré, lọ béèrè ṣáájú láàfin àti lọ́wọ́ àwọn àwòrò. Wọ́n á sọ ibi tí máìkì lè dé àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé. Níbi tí wọ́n bá ti ní kí o pa á, pa á, kí o yọ bátìrì lójú wọn.

Ó ku fáìlì tó ti bàjẹ́ yẹn. Má pa á rẹ́. Ìlù fọ́ nínú rẹ̀, ìyá jìnnà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Normalize rẹ̀, gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá ní ọjọ́ tí ilé dákẹ́, kí ẹ jọ gbọ́ ọ. Dá a dúró níbi tí o kò bá ti mọ ẹni tí wọ́n dárúkọ tàbí ìdí tí àwọn elégbè fi rẹ́rìn-ín, kí o béèrè. Gbé H1n rẹ síwájú wọn nígbà náà, ní ìwọ̀n apá kan, láìsí ìlù, láìsí atẹ́gùn, kó máa gba àlàyé náà. Ìyẹn ni kí o fi kọ́ ọwọ́ rẹ kí àwọn ẹgbẹ́ wọn tó tún péjọ.